Ẹsẹ̀ ọmọ mi ti ká: ṣé plâtre lè nà án? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn òbí ọmọ tó ní amyotrophie spinale

Kiné ni mí, ẹni tó ń fi ọwọ́ àti ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Kétu ni wọ́n bí mi sí, èdè wa náà ni mo sì fi ń bá púpọ̀ nínú àwọn òbí tó ń gbé ọmọ wọn wá sọ̀rọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni mo ti kó àwọn ìbéèrè yìí jọ. Dókítà yóò ti fi Faransé ṣàlàyé tán, ìyá ọmọ yóò ti dáhùn pé "oui, docteur", a ó sì jáde. Ká tó dé ẹnu ọ̀nà ni yóò ti fà mí lápá: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe sí ẹsẹ̀ ọmọ mi?" Ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn nìyí, pẹ̀lú àlàyé tí àkókò kì í jẹ́ kí n ṣe dé òpin.

Àìsàn wo gan-an ni amyotrophie spinale tí wọ́n kọ sínú ìwé ọmọ mi?

Òun náà ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní SMA. Nínú mùdùnmúdùn eegun ẹ̀yìn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń gbé àṣẹ lọ fún ẹran ara pé kó nà, kó ká, kó gbéra. Lára ọmọ tó ní àìsàn yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń kú díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ara kò rí èròjà kan tí wọ́n fi ń wà láàyè tó. Jíìnì tó yẹ kó máa pèsè èròjà náà, SMN1, ló sọnù tàbí ló bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé ló rí jíìnì yìí ní ọdún 1995. Jíìnì míì wà tó jọ ọ́, SMN2, tó ń ran ara lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ní i lọ́pọ̀, àìsàn rẹ̀ sábà máa ń rọjú.

Oríṣi kìn-ín-ní ni ti ọmọ tí kò lè dá jókòó. Oríṣi kejì lè jókòó, kò lè dá rìn. Oríṣi kẹta rìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lè máa rẹ̀ ẹ́ sí i bó ṣe ń dàgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun méjì yìí sọ́kàn: ọpọlọ ọmọ náà pé, ara rẹ̀ sì ń mọ ìfọwọ́kàn. Bó bá ní ó ń dun òun, ó ń dùn ún lóòótọ́.

Ṣé ayé ló ṣe é? Àbí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un nígbà tí ibà mú un?

Kì í ṣe ayé, kì í ṣe abẹ́rẹ́, kì í sì í ṣe àìsàn rọpárọsẹ̀ tí à ń fún àwọn ọmọdé ní ẹ̀kán oògùn sí lẹ́nu. Bàbá gbé jíìnì kan tó bàjẹ́ sára láìmọ̀, ìyá náà gbé ọ̀kan, àwọn méjèèjì sì ń rìn, wọ́n ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 nínú 4 ni pé kí ọmọ náà gba méjèèjì. Mo máa ń fẹ́ kí bàbá wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá ń sọ èyí, nítorí mo ti rí ìyá tí wọ́n lé padà sílé bàbá rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi ìdí àìsàn náà múlẹ̀.

Ara rẹ̀ rọ̀ bí òwú nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́. Kí ló dé tí orúnkún rẹ̀ wá le báyìí?

Ìyá kan béèrè èyí lọ́wọ́ mi pẹ̀lú omi lójú, ó rò pé òun ló fi ìfọwọ́rọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ wo iṣan bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Àwọn ẹyọ kéékèèké ló so kọ́ra títí tó fi gùn tó bó ṣe yẹ. Bí oríkèé bá wà ní kíká fún ìgbà pípẹ́, ara yóò ní kí lòun ń fi ìlẹ̀kẹ̀ tó kù ṣe, yóò sì máa yọ ọ́ kúrò. Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ kan fi èyí hàn lára ológbò: iṣan ẹsẹ̀ tí wọ́n dè ní kíká pàdánù nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 àwọn ẹyọ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí wọ́n dè ní nínà fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 kún tirẹ̀. Ibi tí plâtre, báńdéèjì tí a ń wé mọ́ ẹsẹ̀ tó sì ń le gbagidi, ti rí agbára rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ tó bá ń sáré kiri ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún lóòjọ́ láìmọ̀. Ọmọ tiwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. À ń pọ̀n ọ́n, orúnkún ká. A gbé e sórí àga, orúnkún ká. Ó sùn ní ẹ̀gbẹ́, orúnkún ká. Pípọ̀n kò burú, mi ò ní sọ fún ìyá kankan kó má pọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Wákàtí tó ń gùn láìyí ipò padà ló ń ṣiṣẹ́ ibi. Nínú amyotrophie spinale, ọ̀rá àti okùn líle tún máa ń rọ́pò ẹran iṣan, ìdí nìyẹn tí kíká tó ti pẹ́ fi ń ṣòroó yí padà.

Kí ni wọ́n ń pè ní plâtre àtẹ̀léra?

Plâtre tí a ń pààrọ̀ ni. Ti ẹni tó dá egungun, wọn á dì í lẹ́ẹ̀kan, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èyí, a dì í, a tú u lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7, a na oríkèé náà síwájú ní ìwọ̀n tó bá gbà fúnra rẹ̀, a tún òmíràn dì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ọmọ dùbúlẹ̀, ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe níta. Mo fi irinṣẹ́ onígun kan wọn oríkèé náà, mo kọ nọ́ńbà sílẹ̀. A wọ ìbọ̀sẹ̀ rírọ̀ fún ẹsẹ̀ náà, a wá fi òwú wé e, a sì sọ òwú di méjì-mẹ́ta níbi tí egungun ti yọ: gìgísẹ̀, kókósẹ̀, ẹ̀gbẹ́ orúnkún. Ẹnì kan di ẹsẹ̀ mú. Kì í fà á dé ibi tí ọmọ ti ń kígbe. Ó na ẹsẹ̀ dé ibi tó dúró sí, ó wá dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹnì kejì ri báńdéèjì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń wé e. Àtẹ́lẹwọ́ la fi ń dán an, a kì í lo ṣóńṣó ìka, torí pé ojú ìka tó bá wọ inú plâtre rírọ̀ ni yóò di egbò lára ọmọ ní ọjọ́ kẹta. Bó bá ti ń le ni yóò máa móoru. Mo máa ń sọ fún ọmọ ṣáájú, kí ooru náà má bà á lẹ́rù.

Ti ọrùn ẹsẹ̀ ní ẹ̀tàn kan nínú. Bí ẹni tó dì í kò bá fi gìgísẹ̀ sí ipò tó tọ́, àárín ẹsẹ̀ ni yóò tẹ̀ sókè, gìgísẹ̀ yóò sì wà níbi tó wà. Lójú, ó ti tò, ṣùgbọ́n irọ́ ni; ẹ sì ti ba àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà jẹ́ fún un. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ dì í bóyá ó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àfojúdi.

Ṣé yóò dùn ún?

Nínà gbọ́dọ̀ wà, ìrora kò gbọ́dọ̀ wà. Alẹ́ àkọ́kọ́ lè má rọrùn, ó lè jí lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá sunkún mọ́jú, plâtre yẹn kò dára, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u. Egungun àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í le tó ti ẹlẹgbẹ́ wọn, nítorí wọn kì í dúró lórí ẹsẹ̀ tó. Ẹni tó bá fi agbára nà án lè dá egungun itan láìmọ̀.

Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀sẹ̀ 3 sí 6. Bí a bá wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì léraléra tí nọ́ńbà kò kúrò lójú kan, a dúró. Ìgbà tí oríkèé bá dé ibi tí a fẹ́ náà, a dúró, kódà bó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì ni.

Ṣé gbogbo ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká ló yẹ ká dì?

Rárá. Ibí ni mo ti máa ń pẹ́ jù bí mo bá ń bá òbí sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé: kí ni ọmọ yìí fẹ́ fi dígírì, ìyẹn ìwọ̀n nínà, tó bá rí ṣe? Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà kan láti Kétu fẹ́ wọ bàtà sórí káákì ilé ìwé rẹ̀ bí àwọn yòókù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti nà sísàlẹ̀ bí ti ẹni tó ń fi ọmọ ìka dúró, kò sí bàtà tó gbà á. Ìdí nìyẹn. Ọmọ tó fẹ́ dúró nínú férémù, ohun tí a fi ń gbé ọmọ ró ní ìdúró, tí orúnkún kò jẹ́, ìdí nìyẹn. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jókòó lórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí egbò ń dá sí i lẹ́sẹ̀, ìdí nìyẹn. Kí ẹsẹ̀ ṣáà lè gún lójú àlejò kò tó ìdí tí a ó fi de ọmọ mọ́lẹ̀ fún oṣù kan.

Bàbá kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ wá, ọmọ ọdún 15, orúnkún rẹ̀ ti ká láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. A sọ fún un pé plâtre kò ní ràn án. Inú bí i gidigidi, mo sì mọ ìdí rẹ̀: ó ti rin ọ̀nà Kétu, Pobè, Sakété wá pẹ̀lú ìrètí. Àga ọmọ náà la tún ṣe, a fi tìmùtìmù gbé itan rẹ̀, ìrora ẹ̀yìn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu sì dín kù. Kì í ṣe ohun tí bàbá náà wá gbà, ṣùgbọ́n òun ni ohun tó ṣeé ṣe.

Ọmọ tó ṣì ń rìn, ẹ fara balẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ jù. Nígbà míì, fífi ọmọ ìka rìn ló ń ràn án lọ́wọ́: iṣan itan rẹ̀ kò lágbára, gìgísẹ̀ tó gbéra ló ń ti orúnkún sẹ́yìn kó má bàa ṣẹ́. Bí ẹ bá sọ gìgísẹ̀ yẹn kalẹ̀ pátápátá, ọmọ tó rìn wọlé lè má rìn jáde. Bákan náà, iṣan tí a bá dè ń rẹ̀ sí i, ti àwọn ọmọ wa kò sì ní àníkún. Nítorí náà, ọmọ tó ń rìn gbọ́dọ̀ máa rìn nínú plâtre rẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó dì í mú, kí àkókò náà sì kúrú.

A kì í di ọmọ tó ní egbò níbẹ̀, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tàbí èyí tí ikọ́ ń dà láàmú. Mímí ló ṣáájú. Ọmọ tí àyà rẹ̀ kò lágbára, tí a wá de ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ nígbà tí ikọ́ wà lára rẹ̀, a ti fi í sínú ewu.

Báwo la ó ṣe máa tọ́jú rẹ̀ nílé?

Kó má kan omi. Àṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ìyókù ara rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ má gbé e lórí zémidjan (ọ̀kadà). Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e, ẹ fi ọ̀rá wé ẹsẹ̀ náà, kí ẹ sì gbé e sí àyà yín, kó má rọ̀ dirodiro.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò máa yún un. Ẹ má ki igi tàbí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ bọ inú rẹ̀. Ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ láti ẹnu plâtre náà, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ gbá ara plâtre náà jẹ́jẹ́. Gààrí àti búrẹ́dì tó bá já sínú rẹ̀ ń pe èèrùn. Mo ti tú plâtre kan rí tí ọ̀wọ́ èèrùn jáde lábẹ́ òwú, ọmọ náà sì ti ń sọ fún gbogbo ilé láti ọjọ́ méjì pé nǹkan ń rìn lára òun. Ẹ fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀ bó bá ń jẹun, kí ẹ sì gbà á gbọ́ bó bá sọ̀rọ̀.

Lóru, ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì-mẹ́ta, torí kò lè dá ara rẹ̀ yí, plâtre sì tún wúwo. Ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun, kí gìgísẹ̀ dá dúró lófuurufú, kó má tẹ ẹní.

Àmì wo ló yẹ kó mú wa sáré?

Ẹ máa wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ tẹ èékánná rẹ̀: yóò funfun, ó sì yẹ kí ẹ̀jẹ̀ padà síbẹ̀ kí ẹ tó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí kò bá padà, bí ọmọ ìka bá tutù, bó bá wú, bó bá yí àwọ̀, bó bá ní ó ń kú tipiri, bí òórùn burúkú bá ń jáde, bí ibà bá gbé e, tàbí bí ibì kan bá ń ta á lójú kan náà tí kò dẹ̀, kí plâtre náà kúrò ní ọjọ́ náà gan-an.

Bí ilé yín bá jìnnà, tí ọkọ̀ kò sí lóru, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Plâtre funfun ń rọ̀ nínú omi: ẹ ri ẹsẹ̀ náà bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ìdajì wákàtí, ẹ wá ibi tí báńdéèjì parí sí, ẹ máa tú u bí ẹni tú ìwérí. Èyí tó fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní résine kò ní rọ̀. Ayùn ló ń gé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń yan plâtre funfun fún àwọn tó ń ti Kétu tàbí oko wá, bó tilẹ̀ wúwo jù.

Ẹ̀yin náà, ṣé ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ yín rí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, níbì kan tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, òwú tó wà kò tó, mo sì di ọmọ kan pẹ̀lú èyí tó wà. Ọmọ náà sọ fún ìyá rẹ̀ pé gìgísẹ̀ ń ta òun. Ìyá rẹ̀ pè mí lórí fóònù, mo ní kó fara dà á títí di ọjọ́ Ajé. Nígbà tí a tú u, egbò tó tóbi tó owó sẹ́fà 100 wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀, dúdú ní àárín. Ó gba oṣù méjì kó tó jinná, a kò sì lè di ẹsẹ̀ yẹn mọ́. Láti ìgbà náà, bí òwú kò bá tó, mi ò ní di ọmọ. Bí ìyá bá sì pè mí pé ó ń ta á, mo ní kó máa bọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá tú èyí tó kẹ́yìn, ṣé ó parí nìyẹn?

Ìbẹ̀rẹ̀ ni. Bí ẹ bá tú u tán tí ẹ kò ṣe nǹkan kan, ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín kún un yóò tún já bọ́, ẹsẹ̀ yóò sì padà síbi tó wà. Plâtre tó kẹ́yìn ni kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n attelle, ohun líle tó ṣeé bọ́ tó ń di ẹsẹ̀ mú ní nínà, tí yóò máa wọ̀ sùn. Kí attelle náà ti wà nílẹ̀ kó tó di ọjọ́ tí wọ́n ó tú u. Mo ti rí ẹni tó dúró de attelle fún oṣù kan, gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún sì ṣòfò.

Ìlànà ìtọ́jú tí àwọn amọ̀ṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé jáde ní ọdún 2018 ní kí ọmọ tó ń jókòó máa na oríkèé rẹ̀ ní ìgbà 5 sí 7 lọ́sẹ̀, kó sì máa dúró nínú férémù ní ìgbà 3 sí 5. Férémù tí wọ́n ń tà wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n gbẹ́nàgbẹ́nà lè fi pákó kan ọ̀kan. Ti ọmọbìnrin tó fẹ́ wọ bàtà yẹn, bàbá rẹ̀ àgbà ló kàn án ní Kétu, ó fi tìmùtìmù bo ibi tí orúnkún ń tẹ̀, ó sì kan tábìlì kékeré mọ́ iwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń bá ìyá rẹ̀ ṣa ẹ̀wà báyìí, ní ìdúró.

Ṣé a lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun? Ìyá mi ní òrí àti àgbo ló ń na ẹsẹ̀.

Ẹ fi òrí pa á lára, ó dára fún awọ, ọwọ́ ìyá àgbà lára ọmọ sì tún dára. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi agbára fa oríkèé náà. Egungun kò kúrò ní ipò rẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ tò.

Àwọn oògùn tuntun tí à ń gbọ́ ń kọ́? Iṣẹ́ abẹ ń kọ́?

Oògùn mẹ́ta ni wọ́n ti fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà: nusinersen ní 2016, onasemnogene abeparvovec ní 2019, risdiplam ní 2020. Wọ́n ń dáàbò bo àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù, wọ́n sì ti yí ayé àwọn ọmọ púpọ̀ padà, ṣùgbọ́n owó wọn ga ju agbára ìdílé tí mo mọ̀ lọ. Wọn kì í na oríkèé tó ti ká, nítorí náà ọmọ tó ń lo oògùn ṣì nílò nínà. Iṣẹ́ abẹ wà fún àwọn kan, pẹ̀lú ìṣọ́ra púpọ̀ nítorí mímí. Abẹ́rẹ́ toxine botulique tí wọ́n ń gún àwọn ọmọ tí ara wọn le gbagidi kì í ṣe ti ọmọ wa. Iṣan ló ń mú rọ, ti wa sì ti rọ tẹ́lẹ̀.

Àgbàlagbà ń kọ́? Ọwọ́ ń kọ́?

A lè di ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, kódà fún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n ẹ má di ọwọ́ tó fi ń jẹun tàbí tó fi ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti jọ pinnu ẹni tí yóò máa fún un lóúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ náà.

Eélòó ni?

Ẹ má béèrè iye plâtre kan. Ẹ béèrè iye gbogbo rẹ̀: plâtre márùn-ún, attelle, àti owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí owó náà bá máa tán ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó sàn ká fi ra attelle, ká sì kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa nà án nílé.

Ọmọ mi kò tíì ju oṣù 18 lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń nà dáadáa. Ṣé ká ṣì dúró ná?

Ẹ má dúró. Lálẹ́ òní, bí ó bá ti sùn, ẹ tẹ́ ẹ sí orí ẹní tó le, kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ rọra na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ orúnkún. Bó bá lẹ̀ mọ́ ẹní, ó dáa. Bí àyè bá wà, ẹ ki ìka yín bọ ibẹ̀, kí ẹ ka iye tó gbà: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìlera rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ oṣù, ẹ tún un wò ní ìparí oṣù, kí ẹ sì mú ìwé náà dání bí ẹ bá ń bọ̀.